Ẹ Má Ṣe Ra Àpótí Wáì-fáì Kejì Sí Pálọ̀ Iwájú

Ilé Aláṣọ,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Asawase,
Kumasi.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Ilé Aláṣọ,
Krofrom,
Kumasi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÀPÓTÍ WÁÌ-FÁÌ ALÁPAPỌ̀ KEJÌ DÚRÓ, KÍ Ẹ SÌ FI ỌLỌ́TỌ̀Ọ̀TỌ̀ RỌ́PÒ RẸ̀

1. Èmi Ṣàkírù Àdìsá, ọmọ Mànsúrà, ni mo kọ ìwé yìí. Ilé Aláṣọ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Santasi. Akọ̀wé yín sọ fún mi pé ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí, ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i pé kí a ra àpótí Wáì-fáì mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó ní ìwo mẹ́jọ tó fi ń fọ́n Wáì-fáì, kí a sì gbé e sí pálọ̀ iwájú níbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná.

2. Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀: alápapọ̀ ni èyí tí ohun tó ń gba okùn láti orí òpó, ohun tó ń pín in, àti ohun tó ń fọ́n ọn sí afẹ́fẹ́ jọ wà nínú ike kan ṣoṣo. Ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró, tí a fi wáyà so wọ́n pọ̀, tí a lè gbé ọ̀kan síhìn-ín, kí a gbé èkejì sọ́hùn-ún.

3. Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni ẹ ra alápapọ̀ àkọ́kọ́ fún wa, a sì dúpẹ́. Nígbà tí Kwabena, ẹni tó wá so ó, béèrè ibi tí yóò gbé e sí, Bàbá Àfísù, olórí ilé wa, ní ohun tuntun kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, pé pálọ̀ àwọn ni. Wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, láàárín àwọn àwo tí wọ́n rà ní Mẹ́kà àti tẹlifóònù àtijọ́ tí kò ti dún mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó wọn fi aṣọ léèsì bò ó, wọ́n sì ti kọ́bọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́. Kwabena rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "Yoo, Nana," pé ó dáa, ó bá tirẹ̀ lọ.

4. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí gíláàsì, aṣọ àti ògiri máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, mo sì nawọ́ láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ní kí a ka Fátíà sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ tí a bá ti ka Fátíà sí ti parí, ẹni tó bá tún dá a sílẹ̀ ti di aláìgbọràn. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo ní "Àmín" pẹ̀lú gbogbo ayé. Ẹ̀bi mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

5. Ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ló ń gbé yàrá tó kẹ́yìn pátápátá. Ìbàdí ń dùn wọ́n, wọn kì í rìn jìnnà mọ́. Wọ́n ní àbúrò kan ṣoṣo, Sàbírátù, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀, Sàbírátù bá bàbá wọn wọ lọ́rì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ìyá mi ti wà nílé ọkọ ní tiwọn, wọ́n sì dúró. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò tíì fojú kan ara wọn, àfi nínú fóònù.

6. Ó tó ọdún mẹ́fà tí etí Sàbírátù ti di. Ẹnu ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ. Ní oṣù kẹfà, dókítà sọ fún wọn pé ojú náà ti ń lọ, pé èyí tó bá lọ kò ní padà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ojú ló kù tí ìyá yìí fi ń gbọ́ràn, ojú ọ̀hún sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa sí aago mẹ́rin, ni Hafiz, ọmọ-ọmọ wọn, máa ń ráyè bá wọn di fóònù mú. Ọjọ́bọ̀ mélòó ló kù, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa.

7. Ẹ lè béèrè pé dátà orí fóònù ńkọ́? A ti gbìyànjú rẹ̀ títí. Yàrá ẹ̀yìn fara ti àpáta àti páànù ilé kejì. Àwòrán á kàn dì gbagidi, ẹnu tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ á dúró sójú kan. Ẹni tó bá ń fetí gbọ́ lè fara dà á. Ní ti Sàbírátù, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

8. Nítorí náà ni èmi àti Hàníyyà ọmọbìnrin mi ṣe ń gbé ìyá mi lórí àga lọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ iwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó wá kí Bàbá máa ń jókòó. Bí ọkùnrin kan bá ti yọjú, ìyá mi á fi ìbòrí bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, ọwọ́ wọn á ti gbé e kí wọ́n tó mọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò wọn á wá máa wo aṣọ. Mo ti rí i tí Sàbírátù ń fi ìka júwe ẹnu tiwọn, tí wọ́n ń bẹ ẹ̀gbọ́n wọn pé kí wọ́n ṣí i, ó sì dùn mí débi pé mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe ìyá mi ló yẹ kí a máa gbé lọ bá Wáì-fáì. Wáì-fáì ló yẹ kó wá bá wọn.

9. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá Àfísù kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò sì kọ̀wé láti fi wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n bí àkókò ìrun bá ti tó, tàbí tí òjò bá ṣú, wọ́n á yọ gbogbo plọ́ọ̀gì inú pálọ̀ pátá. Èmi gan-an ni mo kọ́ wọn. Ní ọdún 2003, àrá sun tẹlifíṣọ̀n wọn, èmi ni mo tún un ṣe, èmi náà ni mo sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi iná sílẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń jáde tàbí bí ojú ọ̀run bá dúdú. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń pa òfin mi mọ́. N kò ní oníbàárà tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti wá ń jìyà rẹ̀ báyìí.

10. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù yìí, kò sí àlejò ní pálọ̀. Ìyá mi ṣí ojú, wọ́n ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ sì ń lọ geere. Sàbírátù wá sún mọ́ fóònù, wọ́n ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ bi yín láti ọjọ́ tí mo wọ lọ́rì. Ẹ wò mí dáadáa." Ìgbà náà ni ladáànì pe ìrun Aláásárì. Bàbá dìde, wọ́n yọ plọ́ọ̀gì, wọ́n mú kẹ́tù àlùwàlá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn pálọ̀ pa, wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ojú Sàbírátù parẹ́. Hàníyyà ń fi Twi sọ pé "Nana, nẹ́tíwọ́ọ̀kì no asɛe," pé ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì ń wo fóònù bí ẹni pé ìbéèrè náà yóò jáde níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá fi dé láti ki plọ́ọ̀gì padà, Hafiz ti lọ síbi iṣẹ́.

11. Mo ní kí Hafiz kọ ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí wa. Ìyá-ìyá rẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì kò gba alágbàsọ, pé ẹnu ẹ̀gbọ́n àwọn ni àwọn fẹ́ rí nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn.

12. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé torí àpótí yìí ni Mànsúrà fi ń jókòó síta? Èmi rò pé atẹ́gùn ló ń wá gbà." Òótọ́ ni, Bàbá ló máa ń ní kí a bu omi tútù fún ìyá mi. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì náà mọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, dé. Ìpè wọlé, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn lọ́wọ́, ni àrá bá sán. A rí Bàbá tí wọ́n sáré jáde sí wa, tí wọ́n ń ké "Subhanalláhì, ẹ dárí jì mí." Plọ́ọ̀gì náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Òjò náà kò dá títí Hafiz fi lọ.

13. Ibi tí mo ń bá bọ̀ nìyí. Ìlérí kò lè tún ilé wa ṣe, àpótí ńlá náà kò sì lè tún un ṣe. Bí ìwo rẹ̀ pé ogún, inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni yóò wà, lábẹ́ léèsì kan náà, plọ́ọ̀gì kan náà ni yóò sì máa pa á. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, mítà mẹ́rìnlélógójì ni. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri méje ló wà láàárín, amọ̀ ni bàbá ńlá wa fi mọ wọ́n, wọ́n sì nípọn.

14. N kò ní purọ́ mọ́ alápapọ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ kan, òun ni kó rà: plọ́ọ̀gì kan, ilé iṣẹ́ kan tí yóò pè bí ó bá bàjẹ́, wáyà kò sì ní máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé gígùn ni tiwa, ènìyàn inú rẹ̀ sì pọ̀. Kọ́ńbò mọ́kàndínlógún ló wà lórí pẹpẹ mi ní Santasi tí rédíò inú wọn ń sọ̀rọ̀ ketekete, tí àwọn tó ni wọ́n pa tì nítorí pé ibi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì sí ti kú. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn bí gbogbo nǹkan bá jọ wà nínú ara kan.

15. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí èyí tó ń gba okùn wà ní ara ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, lókè, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti bátìrì kékeré, kí a sì fi ohun tó ń gba àrá dúró ṣáájú rẹ̀. Kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ́n ọn wà ní pálọ̀ Bàbá, èyí tó dára jù nínú wọn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí wọ́n bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí ohun tuntun lè ṣì gba iwájú wọlé. Kí òmíràn wà ní àárín àgbàlá, kí ẹ̀kẹta sì wà lókè ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Bí Bàbá bá lọ kírun, tí wọ́n bá pa tiwọn, tiwọn nìkan ni yóò kú. Èmi ni n ó fa wáyà rẹ̀, èmi ni n ó sì máa tọ́jú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, láìgba nǹkan kan. Bàbá ti gbọ́ ètò yìí, wọ́n sì ní bí ẹ bá gbà á, àwọn fúnra àwọn ni yóò tún ka Fátíà mìíràn.

16. Lánàá, ìyá mi pè mí, wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní àwọn mọ ìbéèrè náà. Àbúrò àwọn fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kò fi wá sìn ín ní ọjọ́ tí lọ́rì gbéra. Wọ́n ní àwọn wá. Àwọn dúró sẹ́yìn ìsọ̀ aláṣọ kan, àwọn fi ìbòrí bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún àwọn, àwọn sì ń wo orí rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn títí lọ́rì fi lọ. Mo béèrè bóyá kí n kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní rárá, ẹnu àwọn ni kó ti rí i, kí ojú rẹ̀ tó lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé gígùn yìí dé òpin. Mo ń retí yín lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú, wáyà náà sì ti wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín, ọmọ ilé yín,

Ṣàkírù Àdìsá,
Atún-rédíò-ṣe, Santasi.

Àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti Mànsúrà, yàrá tó kẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n bá àwọn wá yíǹkì.

Ẹ̀dà kan: Alhaji Àfísù, Olórí Ilé, pálọ̀ iwájú.