Ọwọ́ Àwọn Agbálẹ̀ Tí Mo Gé Lórí Kọ̀ǹpútà

Akọ́bí mi,

Mo ti gé ọwọ́ gbogbo àwọn agbálẹ̀ ìlú yìí. Jọ̀wọ́ má pariwo, má sì sá wálé, inú ìwé ni mo ti gé e, ẹ̀jẹ̀ kankan ò kán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ́fíìsì ìjọba, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti ń gbé bírò tí mo tún ń gbé e sílẹ̀, torí mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọ. Ó ti wá jáde báyìí.

Wàyí o, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kó o tó jáde láàárọ̀? Iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tó o lọ kọ́ yẹn, ṣé ó ti ń mọ́ ọ lára? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá ni yóò jẹ́ kó o jèrè ibẹ̀, o ò ní fẹsẹ̀ kọ, ọ̀nà rẹ ò ní dí. Àlàáfíà la wà nílé. Bàbá rẹ ń kí ọ, èjìká tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀. Àbúrò rẹ ti hu eyín méjì, ó sì ti fi méjèèjì gé mi jẹ lọ́wọ́. Ọwọ́ náà tún nìyẹn. Mi ò lè sọ̀rọ̀ kan mọ́ kí ọwọ́ má yọjú níbẹ̀.

Ṣé o rántí iṣẹ́ tí mo ní mo rí, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ̀wé, èyí tó kọjú sí géètì ilé ìwòsàn? Yàrá kan ṣoṣo ni, fáànù kan, kọ̀ǹpútà kan, àti ẹ̀rọ kan tó ń bi ìwé jáde bí ẹni tí inú ń run. Ọ̀gá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Awòjígí, ní kí n da ìwé kan kọ, wọ́n wò ó, wọ́n ní ẹni tó mọ àmì ohùn tó báyìí ṣọ̀wọ́n. Bí mo ṣe dé orí àga nìyẹn, tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Akọ̀wé. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti jáde ní girama, ìyá rẹ ni mo jẹ́, ìyàwó bàbá rẹ ni mo jẹ́. Ìgbà tí ẹnìkan kọ́kọ́ kí mi pé Akọ̀wé ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yìn ni mo bojú wò, kí n mọ ẹni tó ń bá wí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn ò fẹ́ràn mi. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló ń fa ìlà pupa kọ́lọkọ̀lọ sí lábẹ́, bí olùkọ́ tó gbé ìbínú wá láti ilé. Mo tẹ ilé, ìlà pupa. Mo tẹ omi, ìlà pupa. Mo ní kí n tẹ orúkọ rẹ kí ojú rẹ̀ lè rọ̀, ìlà pupa! Mo bi Ọ̀gá pé kí lọmọ mi ṣe fún un. Wọ́n ní o ò ṣe nǹkan kan, kò tíì mọ̀ ọ́ ni. Mo ní kò burú, á mọ̀ ọ́ láìpẹ́.

Ọ̀gá wá ń tọ́ mi sọ́nà. Wọ́n ní àyè méjì méjì ni mò ń fi sáàárín ọ̀rọ̀, mo ní kí ọ̀rọ̀ lè rí ibi mí sí ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn àmì ìdánudúró ni àyè ń wà, kì í wà níwájú rẹ̀, mo ní ẹ ṣeun. Wọ́n ní òdo ni mo tẹ̀ sípò lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Olúwa. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo kúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tọrọ àforíjì, mo ní mi ò pe Olúwa ní òdo o, ìka mi ló ṣì.

Torí pé kò sí àmì ohùn lórí bọ́tìnì kankan, wọ́n ní kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò ná, kí n padà wá wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹnìkan ti bá wọn kó àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wọṣọ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni mo ti ń mú wọn. Bí ìhòòhò kan náà bá sì pọ̀, wọ́n ní kí n má máa lé e kiri bí adìyẹ. Ibì kan wà tí èèyàn á kọ èyí tí kò dáa sí, á kọ èyí tó dáa sábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá gbogbo wọn kàn, á pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kí n máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ṣùgbọ́n yẹn ni mi ò gbọ́ dáadáa, àbúrò rẹ ń ké lẹ́yìn mi.

Ni Ìyá Agbálẹ̀, olórí àwọn tó ń gbá títì, bá wọlé pé ká bá àwọn kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìmọ́tótó. Ọwọ̀ wọn ti gbó, wọ́n fẹ́ ọwọ̀ tuntun. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kúkú pè é ní ìgbálẹ̀. Wọ́n ní ìgbálẹ̀ làwọn aláṣejù fi ń gbá yàrá, ọwọ̀ làwọn fi ń gbá ìlú. Wọ́n ń sọ, mò ń tẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, owo tó wà níhòòhò pọ̀ nínú ìwé náà ju èèrà lọ. Mo wá ọwọ̀ níbi tí àwọn ọ̀rọ̀ aláṣọ wà, mi ò rí i, ọwọ́ nìkan ni mo rí. Mo ní kò sí wàhálà, mo kọ owo sókè, mo kọ ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo ní kó pààrọ̀ gbogbo wọn, torí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n tó yìí, bó bá ti ń kà á lọ á mọ èyí tó jẹ́ ọwọ̀, á mọ èyí tó jẹ́ owó. Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn ò kàwé! Wíwá ló mọ̀, kò mọ kíkà. Ibi tí ojú mi kọ́kọ́ bà ni Ẹ jọ̀wọ́, mo rí i pé àmì kan péré ló kù sí i, mo pàtẹ́wọ́. Ìyá Agbálẹ̀ náà bá mi pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ìwé lọ.

Wo ohun tí ọ́fíìsì kà:

Ẹ jọwọ́, ọwọ́ tí ẹ fún wa lọ́dún tó kọjá ti gbó. Ti ẹlòmíràn ti já, ti ẹlòmíràn ò ju kùkùté lọ. Àwọn kan nínú wa ń yá ọwọ́ ẹnìkejì lò. A sì gbọ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹrù yín ti jẹ ọwọ́ tí ẹ ní kó fi ra ọwọ́. Ọwọ́ tuntun la fẹ́, kó gùn, kí wọ́n sì dì í dáadáa kó má máa tú sójú títì.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé ibi tí àwọn agbálẹ̀ ti ń péjọ. Nọ́ọ̀sì kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti òwú àti abẹ́rẹ́, ó ní àwọn tí ọwọ́ wọn já dà. Ìyá Agbálẹ̀ ní èpè wo lèyí láàárọ̀ kùtù, ṣé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já ló fọwọ́ lé ìbàdí níwájú rẹ yìí? Nọ́ọ̀sì ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ìrora máa ń mú èèyàn sọ ìsọkúsọ. Ìyá Agbálẹ̀ ní kó sún mọ́ àwọn díẹ̀ sí i, á mọ̀ bóyá ọwọ́ àwọn já.

Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ni kò gbà rárá. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó. Ó ní láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ òun ti ga ni dókítà ti ní kóun jáwọ́ nínú ẹran, ọwọ́ agbálẹ̀ wo lòun wá ń jẹ? Ó ní ìyàwó òun ti gbọ́, látìgbà náà ló ti ń bu oúnjẹ òun láti òkèèrè. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, àbúrò rẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwé tuntun tí gbogbo àmì rẹ̀ pé lòun fẹ́ bá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn agbálẹ̀ á máa fi ẹnu gbá títì. Ọ̀gá ò bú mi. Wọ́n kàn ní bí Mọ́ńdè bá bàjẹ́, kí n dìde lórí àga fún ẹlòmíràn. Wọn ì bá kúkú bú mi.

Mi ò jókòó lásán o. Bọ́tìnì méjì kan wà, béèyàn bá tẹ̀ wọ́n pọ̀, ohun tó bàjẹ́ á padà sí bó ṣe wà. Bí mo ṣe gbọ́ ti nọ́ọ̀sì ni mo sáré tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọwọ́ inú kọ̀ǹpútà sì padà di owo. Mo bá sáré lọ sí ọ́fíìsì náà, kí n wò ó bóyá èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn ti padà. Kò padà! Mo ní bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ le tó, mo padà lọ tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lójú kọ̀ǹpútà, tó wá funfun báláú. Ó dájú pé kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín tóbi ju tiwa lọ. Bá mi bi ọ̀gá rẹ bóyá tiyín lè dé ọ́fíìsì náà láti ibẹ̀. Tó bá kọjá ọjà, apá ọ̀tún ni.

Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọwọ̀ tó lè jáde ránṣẹ́ sí mi, Ọ̀gá gan-an ò mọ̀ ọ́n. Inú lẹ́tà ni kó o kọ ọ́ sí. Má fi í sórí fóònù bàbá rẹ, àpótí kéékèèké ni fóònù wọn ń sọ àwọn àmì dà. Èyí tó o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, wọ́n ní o ti fi àpótí mẹ́rin ránṣẹ́, wọ́n lọ dúró dè é ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó o bá sì rí owó díẹ̀ fi sínú lẹ́tà náà, àbúrò rẹ fẹ́ bàtà. Owó ni mo wí o, ọwọ́ méjì tí mo ní ti tó mi.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ rẹ. Níbi tó o bá dé, wọn á mọ̀ ọ́, wọn ò sì ní fi ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ.

Bírò ni mo fi kọ ìwé yìí, mo wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí àmì kan tó kù. Iṣẹ́ yẹn wù mí, ọmọ mi.

Èmi ni ìyá rẹ, Akọ̀wé títí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Jọ̀wọ́, tètè fèsì.