Ìtànṣán Tí Kò Tíì Kan Ènìyàn

Grenoble, Ọjọ́rú

Ẹ̀gbọ́n mi Thibaut,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo sì kí Nolwenn ọmọ wa, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Yìnyín ò tíì kúrò lórí òkè.

Ẹ ní kí n bẹ ọ̀gá mi kí wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ ńlá ibi iṣẹ́ wa pa kókó inú ọpọlọ Nolwenn. Mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá mi, Dókítà Vasseur, ní, "Ghislaine, ìwọ lo ń tọ́jú àwọn eku tí a fi ìtànṣán yẹn dán wò. Mélòó ló ṣẹ́kù?"

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá, sà. Kókó wọn ti súnkì."

"Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?"

Ọwọ́ mi ni wọ́n kú sí, gìrì ló pa wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò ní ṣeé ṣe, a ò tíì dán an wò lára ènìyàn rí. A ò mọ ìwọ̀n tí ọmọ ọdún méje lè gbà. Tí ẹ bá bínú sí mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má torí ìtànṣán wa fagi lé ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn Brest fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ti gba ìsinmi. Ọjọ́ Àìkú ni n ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Àbúrò yín,
Ghislaine