Sípánà Bàbá Tíṣà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Èbúté Mẹ́ta.

Ojú ṣì ń tì mí.

Lọ́dọọdún la máa ń gbé ọkọ̀ onígbòkun Bàbá Tíṣà sórí ilẹ̀. Èmi á ha gọ́ọ̀mù adíomi tó ti gbó kúrò níbi tí irin wúwo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ igi, màá fi tuntun sí i, Bàbá á wá fi sípánà tiwọn de àwọn nọ́ọ̀tì tó di irin náà mú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dè é.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì kì í fún mọ́. Tí irin yẹn bá já lójú omi, ọkọ̀ á dojú dé mọ́ wọn lórí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó kọ́ mi níwèé? Nítorí náà, tí wọ́n bá ti lọ, mo máa ń tún un dè.

Lónìí, wọ́n gbàgbé gíláàsì ojú wọn. Wọ́n padà wá bá mi lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí mo ti ń tún nọ́ọ̀tì dè.

"Ṣé ọdọọdún lo máa ń ṣe báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n ń nu gíláàsì náà ṣáá. Mo ti rò pé wọ́n máa bá tiwọn lọ. Wọ́n bá tú aṣọ tí wọ́n fi wé sípánà wọn.

"Lo èyí. Ẹnu tìẹ yẹn ti fẹ̀, á ba nọ́ọ̀tì jẹ́."

Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi dè é tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo na sípánà sí wọn. Wọn ò gbà á.

Mo ti fi epo nù ún. Ibi tí ọwọ́ wọn máa ń wà ti dán.