Àga Ọ̀gánwó fún Káàdì Àwòrán

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí tí ń gbé nínú ìlú ńlá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oorun sì ń kún ojú? Ara gbogbo wa le níbí, àyàfi ìyá rẹ tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Tọ́sìdeè, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ohun tó o gbé pamọ́ sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́.

Káàdì àwòrán tó o fi ránṣẹ́ ti dé. O mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tí ìyá rẹ fi ń to fídíò ti darúgbó. Tó bá ní kó gé ibì kan, ìyá rẹ á fọ aṣọ, á sá a, á ká a, kí àwòrán náà tó mira. Ìwọ lo sọ pé káàdì tí yóò máa bá a gbé ẹrù fídíò ló kù ún kù. O ní ká má wo orúkọ ara páálí, pé ìrántí rẹ̀ ni ká wò, kó tó gíìgì méjìlá, ká sì wọn inú àpótí kọ̀ǹpútà bóyá ó máa gbà á. Mo ní ọmọ mi kàwé lóòótọ́. Mo ta pákó ọ̀gánwó tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́wàá, mo fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ kó o bá wa yan èyí tó dára.

Káfíńtà ni mí, n kì í fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣeré. Mo wọn inú àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹta, àyè rẹ̀ kéré. Mo fi ayùn irin gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò, mo fi ọ̀gánwó tó ṣẹ́kù kan ẹ̀gbẹ́ tuntun sí i, mo lu ihò kí fáànù mẹ́ta tó o sọ lè rí atẹ́gùn mí, mo sì kan àga kékeré sínú rẹ̀ tí káàdì náà yóò fìdí lé, kí ọrùn má baà ro ó. Mo fi fánísì kùn ún. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó bí ẹni wá wo ìkókó.

Nígbà tí a tú páálí, ohun tó jáde kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Fáànù kan ṣoṣo ló ní, ó sì ti kán létí. Ó jókòó sórí àga náà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lórí àga bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa fẹ́ atẹ́gùn sí i, eruku sọ, ẹsẹ̀ aáyán kan já bọ́. Mo ní eruku ojú ọ̀nà ni. Ó bi mí pé ojú ọ̀nà wo ló gba inú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa. Ó ní ìrántí rẹ̀ kò ju gíìgì méjì lọ. Mo ní mẹ́wàá tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn, pé èmi náà, tí mo bá jí láàárọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ìrántí mi ń dé. Ó yí i padà, ó rí ìnagijẹ rẹ, Ọ̀gá Géèmù, tó o fi bírò kọ sí i pẹ̀lú ọdún tó o wọ yunifásítì. Inú mi dùn pé o kọ orúkọ sí i kí wọ́n má baà jí i lọ́nà.

Àbúrò rẹ obìnrin ló mú fóònù, ó fi àwòrán tó o gbé síta lọ́jọ́ Sátidé hàn wá: kọ̀ǹpútà tìrẹ, káàdì gígùn nínú ikùn rẹ̀, fáànù mẹ́ta, iná pupa, iná búlúù, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ tuntun ti dé. Ó ní owó ọ̀gánwó ló ń tàn yẹn. Mo bá a wí. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá wa dán an wò ni, bí èmi náà ṣe máa ń jókòó sórí àga oníbàárà kí n tó gbé e fún un. Ó ní ṣé bàbá máa ń jókòó títí oníbàárà á fi kú ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ o. Fídíò ìkẹ́kọ̀ọ́yege àwọn ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá wọn lópin oṣù yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Fọ́tò Kíákíá tó wà lódìkejì títì ni yóò gba iṣẹ́ tí ìyá rẹ ti ń ṣe fún wọn láti ọdún mẹ́fà. A ki káàdì rẹ bọ inú kọ̀ǹpútà. Ó ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ojú gbogbo àwọn ọmọ náà di àwọ̀ ewé, ó sì kú.

A ò wá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu pé kó o gbé káàdì gígùn wọ mọ́tò. Àwa la máa wá bá a. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ, àbúrò rẹ, èmi àti àpótí ọ̀gánwó ń bọ̀. Ìyá rẹ ní iwájú káàdì náà lòun á jókòó sí títí fídíò òun á fi parí, tó bá sì parí, ilé ni òun àti káàdì jọ ń lọ. Mo ń mú ayùn bọ̀, bí o kò bá gbọ́ ìkànkùn.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́rin ránṣẹ́. Awakọ̀ ní àpótí tó bá ti ní àga nínú, èrò ni.

Ọlọ́run á fún ọ ní aya rere, á fún ọ lọ́mọ. Bí o ti ṣe fún wa yìí gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ náà á ṣe fún ọ, kò ní dín, kò ní lé. Ṣe àmín, kó o ṣe é sókè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.