Ta Ló Ń Pa Àgbálùmọ̀ Wa?

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025

Oòrùn Igbó Ẹfọ̀n ti ya wèrè. Mi ò rántí ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn. Kí oòrùn tó yọjú láàárọ̀ yìí mo ti bomi rin àwọn igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀lẹ, ìyẹn máńgòrò tí kò so rí láyé rẹ̀, tutù yọ̀yọ̀. Ẹlẹ́gùn-ún, igi ọsàn wẹ́wẹ́, tún gún mi lápá, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ le. Àǹtí ni ara rẹ̀ ò yá. Àgbálùmọ̀ wa ni Àǹtí. Etí ewé rẹ̀ ń jó bí ẹni fi iná kàn án, ó sì ń wọ́wé. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù o! Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Ààrẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun rẹ̀ dé. (Ìyàwó mi ni Ààrẹ. Kò mọ̀ pé mo fi òun joyè níbí.) Wòlíì Mákánjúọlá ríran: igi kan ń rọ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá kan, kí ìyá náà má sinmi àdúrà. Mo ní nínú ooru yìí, igi ẹ̀yìnkùlé ta ni kò rọ? Kí Wòlíì sọ ọjọ́ tí iná máa dé, nígbà náà la ó mọ̀ pé ó ń ríran. Ó ní kí n má fi ẹnu mi ba nǹkan jẹ́.

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí a bí Tolúwani, ọmọ wa kan ṣoṣo, ẹ̀yìnkùlé yìí la sin ibi ọmọ rẹ̀ sí, mo sì gbin kóró àgbálùmọ̀ lé e lórí. Àǹtí nìyẹn. Tolúwani wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́ báyìí, oyún rẹ̀ sì ti tóbi. Méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú èyí. Lójú Ààrẹ, bí ewé bá já lára igi, nǹkan fẹ́ ṣe ọmọ nìyẹn. Mo sọ fún un pé igi ni igi ń jẹ́, ènìyàn ni ènìyàn ń jẹ́. Mo sọ ọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ni mo tún lọ wo Àǹtí wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé

Mo kó ewé gbígbẹ àti koríko bo ìdí rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi mu tán. Ewé ṣì ń já.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Mo rò pé mo ti mú ọ̀daràn. Àwọn bírìkìlà tó ń kọ́ ilé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa ni! Omi sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń fọ irinṣẹ́ ló ń ṣàn wọlé wá. Mo gun àpótí, mo na ọrùn sódì kejì, mo sì sọ tẹnu mi. Ògúnkúnlé, ọmọ Ìkìrun tó jẹ́ ọ̀gá wọn, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà. Gọ́tà iwájú la máa ń da omi wa sí. Ẹ wá fojú yín rí i." Mo ní mo ń bọ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ bò mí lójú.

Mo débẹ̀. Gọ́tà iwájú ni lóòótọ́. Ògúnkúnlé fún mi ní píọ̀ wọ́tà tútù kan. Mo mu ún, mo padà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Tolúwani pè. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà ní kó máa dùbúlẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun. Ààrẹ ò jẹun. Èmi jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹní ń jẹ pákó ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Odindi ẹ̀ka kan ti gbẹ. Mi ò sọ fún Ààrẹ. Ó ti rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Mo ká koríko kúrò nídìí Àǹtí. Nǹkan funfun kan ti gan mọ́ ojú ilẹ̀. Ojú mi tún kọ́kọ́ lọ sí fẹ́ǹsì, mo ní sìmẹ́ńtì Ògúnkúnlé rèé! Mo wá rántí píọ̀ wọ́tà ìjọ́sí, ara mi wálẹ̀. Mo wòtún wòsì, kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo kúnlẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi, mo fi ìka ha ilẹ̀, mo tọ́ ọ lá. Iyọ̀!

Ta ló ń se ọbẹ̀ sídìí igi mi? Omi kànga wa pọ́n bíi tíì, ó sì ń rùn bí irin, ṣùgbọ́n kò ní iyọ̀ nínú.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Lọ́sàn-án, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Dúródọlá ní Ìkàtè ni mo máa ń wà, à ń ta dráàfù. Lónìí ibà mú Dúródọlá, mo tètè padà.

Ààrẹ wà nídìí Àǹtí. Sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ó ń kọrin, ó ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo fà sẹ́yìn ògiri. Nígbà tó wọlé, mo da èyí tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì sọ́wọ́, mo tọ́ ọ lá.

Òkun ni. Omi òkun gidi, tí wọ́n máa ń bù wá láti etí òkun Elegushi lẹ́yìn àdúrà, tí Wòlíì yà sí mímọ́. Mo ti ń rí àwọn kẹ́ẹ̀gì yìí tó ń fi Márúwá gbé wọlé láti ìgbà tí oyún ti hàn. Mo rò pé ó ń fi í wẹ̀ ni! Ìyẹn ni pé èmi ń bomi rin igi láàárọ̀, ìyàwó mi ń fi iyọ̀ pa á lọ́sàn-án. Wòlíì náà wá ríran pé igi ń rọ. Àbí kí ló kù tí kò ní rọ?

Mo ti la ẹnu láti pariwo. Mo pa á dé. Bí mo bá sọ pé òun ló ń pa igi, ohun tí yóò gbọ́ ni pé òun ló ń pa ọmọ rẹ̀. Obìnrin tí kò jẹun kánú láti ọjọ́ yìí. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Èmi tí ẹnu mi kì í gbófo, mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Ààrẹ lọ sọ́jà. Mo da gbogbo omi òkun inú àwọn kẹ́ẹ̀gì tó kù sínú ilé ìtọ̀. Ilé ìtọ̀ wa ti di mímọ́. Mo bu omi kànga rọ́pò, àmọ́ pípọ́n rẹ̀ lè tú mi fó, mo bá jẹ́ kó silẹ̀, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi sẹ́ ẹ. Bó ti wù kó rí, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ni.

Mo ha iyọ̀ ojú ilẹ̀ dànù. Mo wá ń rọ omi sí i, garawa lórí garawa, kó lè ti iyọ̀ tó kù wọ ìsàlẹ̀ yanrìn lọ. Ìbàdí mi!

Ọjọ́ Àìkú, 2 Ẹrẹ́nà

Ó tún gbé kẹ́ẹ̀gì dé láti Elegushi. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Dúródọlá ránṣẹ́ wá béèrè bóyá mo ti kú ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Ẹ̀jẹ̀ Tolúwani tún gòkè. Mo jókòó sídìí igi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí." Mo fi "ẹ" bá igi sọ̀rọ̀. Ẹni bá ka ibí yìí, màá sẹ́ ẹ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Ewé tuntun! Mẹ́ta, abẹ́ wọn pọ́n rúsúrúsú. Ààrẹ pariwo débi tí Ògúnkúnlé fi yọjú lórí fẹ́ǹsì. Mo ṣe bí ẹni tí ẹnú yà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà

Tolúwani ti bímọ. Obìnrin. Iṣẹ́ abẹ ni, àmọ́ ìyá yè, ọmọ yè. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Igbe

A ti ti Àkúrẹ́ dé. Olúwaṣemílóore lorúkọ ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kéré, igbe rẹ̀ tóbi. Lónìí Ààrẹ ní kí n bá òun lọ dúpẹ́. Fún ìdí ọmọ, mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn.

Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Mo ti mọ ẹ̀rí náà: omi mímọ́ jí igi, igi gba ọmọ là. Mo múra láti fara dà á. Ó gba máìkì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ń fi omi òkun pa igi tí mò ń gbàdúrà lé lórí. Ọkọ mi rí i, kò sì bú mi. Ó ń da omi mi nù ní kọ̀rọ̀, ó ń fi omi kànga sí i. Ó rò pé mi ò mọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run rán sí mi ló jókòó sẹ́yìn yẹn, tó ń fojú wá ilẹ̀kùn."

Gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Halelúyà! Wòlíì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Wọ́n fà mí jáde síwájú, wọ́n kọrin yí mi ká. Èmi, ìránṣẹ́ Ọlọ́run! Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí a délé mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Òun fi omi tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì fọ ọwọ́, ọṣẹ sì hó lọ́wọ́ òun. Omi òkun kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó bẹ́ẹ̀. Òun wá wo ìdí igi, òun rí ibi tí mo ti ha iyọ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ yé òun.

Mo ní kí ló wá dé tó tún fi ń ru kẹ́ẹ̀gì láti Elegushi ní gbogbo ìgbà yìí, pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún?

Ó ní, "Bàbá Tolú, bí mo bá dá a dúró, ṣé ẹ ò ní padà sídìí dráàfù? Ta ni ì bá wá máa rọ omi sí igi, garawa lórí garawa?"