Bàbá Wa Lipót, Orúkọ Yín Ti Wà Nílé

Bàbá wa, ọdún keje pé lónìí! Ọdún méje rèé tí yìnyín odò Don ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti gbà yín lọ́wọ́ wa. Èmi Gizella, àkọ́bí yín, ni mò ń sọ̀rọ̀, nítorí Màmá ní tí òun bá bẹ̀rẹ̀, òun ò ní lè parí ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ìjọba ṣòfin pé Júù ò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ ní, ni Kelemen tí ẹ kọ́ ní iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ bá jókòó sórí àga yín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó yín lọ ṣe iṣẹ́ tipátipá lójú ogun, wọ́n so àkísà yẹ́lò tí wọ́n fi ń dá Júù mọ̀ mọ́ yín lápá, wọ́n fún yín ní ṣọ́bìrì. Àwọn sójà ilẹ̀ wa náà ló ń nà yín, Bàbá! Kì í ṣe àjèjì.

Ẹ dárí jì wá. Ọdún márùn-ún gbáko la ò tan àbẹ́là ìrántí kan fún yín, tí Ármin ọmọkùnrin yín ò sì ka Kádíṣì, àdúrà tí ọmọ ń kà fún òbí tó kú. Màmá ló yarí. "Ta ló sọ fún yín pé ó kú? Ṣé ẹ rí òkú?"

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo ní Lipót la máa sọ ọ́. Háà! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láàárín wa, a kì í fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sọ ọmọ. Màmá fò dìde. "Gizella, o fẹ́ fi ẹnu ara ẹ pa bàbá ẹ ni? Ìwọ náà ti di sójà wọn?" Tamás la padà sọ ọmọ náà. Oṣù méjì lèmi àti Màmá ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Oyún kejì wà nínú mi nígbà tí Náthán Widder ti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Rọ́ṣíà dé. Ó ní inú àká kan náà lẹ jọ ń sùn. Ó ní àwọn sójà ilẹ̀ wa ní kí ẹ gun igi nínú òtútù, wọ́n ń da omi lé yín lórí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ já bọ́, ẹ ò dìde mọ́. Màmá bi í pé ọjọ́ wo ni.

"Ọjọ́ Ẹtì ni, Màmá Gizella. Ọ̀la ẹ̀ la máa ń ka ibi tí òkun ti là fún Mósè. Mo máa ń ka ìwé Mósè ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kí n má baà ya wèrè, òun ni mo fi mọ ọjọ́."

Kò sí òkun tó là fún yín, Bàbá.

Èmi àti Ármin fa aṣọ wa ya. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wákàtí kan péré, nítorí ọ̀fọ̀ tí ìròyìn ẹ̀ pẹ́, wákàtí kan ni òfin wa fún un. Ọdún márùn-ún ìrètí, wákàtí kan ọ̀fọ̀! Ó dìde, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ọkùnrin ni mo tún bí. Lọ́jọ́ kẹjọ, Rábì béèrè orúkọ. Màmá ló la ẹnu: "Lipót ni."

Ármin ti gbéyàwó o. Ó ń ṣe ìbọ̀wọ́, ibi àtàǹpàkò ló ṣì ń gé kéré jù. Ẹ̀yin ì bá ti gbá a létí.

Lánàá, Màmá wà ní ilé ìdáná, ó kígbe pe "Lipót!" Ọmọ náà sáré wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Màmá gbé e, ó wò ó lójú títí.

"Ìwọ kọ́ ni mo pè," ló wí, ó sì dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ni, Bàbá. A nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹ̀yin náà la ṣì ń pè.