Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Ẹyinjú Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025
Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún ọkọ mi. Gulakómà, àrùn tí ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, ti jẹ ojú òsì rẹ̀ tán — ọ̀tún nìkan ló kù fún Tíṣà mi. Dókítà Ọlájùmọ̀kẹ́ kìlọ̀: kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní a gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Agbaja. Bàbá Fìlà ni mò ń pè wọ́n nínú mi, torí fìlà funfun tí kì í kúrò lórí wọn. "Okun o!" wọ́n kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó ṣẹ́jú, Tíṣà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo lanu, mo pa á dé. Ìyàwó wo ló máa sọ lójú ẹbí ọkọ pé kí ọkọ òun má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé
"Ojú mi o!" Ọ̀sán gangan. Kò rí mi mọ́. Yéè!
Kẹ̀kẹ́ gbé wa láti ilé wa ní Felele dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ti dí iwájú ojú, Dókítà ò rí inú. Ó ní kó dijú, ó fi nǹkan tútù yọ̀rọ̀ pa ìpéǹpéjú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sikáàn lé e. Aláboyún ni mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é fún! Ó fi àwòrán inú ojú hàn mí: nǹkan bí òkè méjì, wọ́n kọjú síra. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn sẹ́yìn ẹyinjú ló ń tì wọ́n. Bí wọ́n bá fara kanra, ojú lè lọ.
Dókítà bèèrè bóyá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tíṣà ní rárá — ó ń bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣìírí. Èmi náà tún dákẹ́.

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé
Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé
Sikáàn kejì. Òkè méjèèjì ti sún mọ́ra sí i. Ẹ̀jẹ̀ ṣì dì, kò ṣeé fà jáde àfi tó bá yọ́. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ pé ó dọ̀bálẹ̀. Dókítà, ọmọ Kábbà tó mọ àṣà wa, kò bú mi. Ó ní òun ló yẹ kóun ti mẹ́nu ba ìdọ̀bálẹ̀ látilẹ̀. Tíṣà bínú pé mo tú àṣírí ẹ̀gbọ́n òun.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé
Sikáàn kẹta. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ́! Ọ̀la ni wọ́n máa fà á.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé
Wọ́n fà á. Òkùnkùn ṣì ni. Dókítà ní ká ní sùúrù. Níbo ni mo ti fẹ́ rí sùúrù?

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé
"Okun o!" Bàbá Fìlà. Wọ́n gbọ́ ní Agbaja pé àbúrò wọn fọ́jú. Tíṣà ti ń dìde — mo pariwo: "Ẹ má dọ̀bálẹ̀!" Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.
Wọn ò bínú. Omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n ní kí Tíṣà jókòó, pé ìkíni tó máa fọ́ ọ lójú, àwọn ò fẹ́.
Tíṣà jókòó. Ó gbójú sókè sí wọn, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, fìlà yín dà?"
Bàbá fọwọ́ kan orí. Ìkánjú ò jẹ́ kí wọ́n rántí dé e.